Bí Mo Ṣe Wá Ojú Àdùkẹ́ Dé Houston

Agogo mẹ́rin ìdájí kò tíì lù tí Sùlé awakọ̀ ti ń fun fèrè mọ́tò níwájú ilé wa ní Ìkirè. Mo gbé báàgì kan jáde, pẹ̀lú àpò tí dòdò Ìkirè ogún ẹyọ wà nínú rẹ̀, tí a fi ewé dì. Iná mọ́tò Sùlé ta sára ère tó dúró lórí ibojì ìyàwó mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Sùlé bọ́ sílẹ̀, ó nàró gbọnrangandan, ó gbé ọwọ́ sí iwájú orí.

"Móníìn sà," ère náà ló ń bá sọ̀rọ̀. "A ò jí nǹkan kan o. Bàbá ló ń lọ sí Amẹ́ríkà."

"Sùlé, mo gbọ́ ọ o."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ojú rẹ̀ ló ń dẹ́rù bà mí."

Ọ̀rọ̀ ojú yẹn ló gbé mi dé ìlú òyìnbó. Kí n yáa fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó fi mí ṣe ẹ̀rín.

Bíríkìlà ni mí. Jékọ́ọ̀bù Bíríkìlà ni gbogbo Ìkirè ń pè mí. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà kí bàbá mi tó ní kí n wá bá òun roko, nítorí náà ẹ fojú fo ibi tí ìwé mi bá ti wọ́. Lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, Bàbá Sámúẹ́lì Akínlàbí, ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń fi sìmẹ́ǹtì mọ kìnnìún sórí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Kìnnìún mi jọ ajá. Ṣùgbọ́n ta ló ti rí kìnnìún rí ní Ìkirè? Ogójì ọdún ni mo fi jẹun lórí àwọn ajá wọ̀nyẹn, ẹnikẹ́ni kò bá mi wí.

Ènìyàn ni kò ṣeé parọ́ rẹ̀. Nígbà tí Àdùkẹ́ ìyàwó mi kú, mo ní n kò ní gbé ère orí ibojì rẹ̀ fún ẹlòmíràn ṣe. Mo ṣe é. Ìró rẹ̀ dára, gèlè rẹ̀ dára, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò burú. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀, ojú Sájẹ́ǹtì Ògúndípẹ̀ ni, ẹni tó ti ṣe ọ̀gá ní àgọ́ ọlọ́pàá wa rí, àní pẹ̀lú bó ṣe máa ń fún ẹnu pọ̀ tó bá fẹ́ ti ènìyàn mọ́lé. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹta, díẹ̀ ló kù kó hu irùngbọ̀n.

Àbùkù yìí ti wà lára mi láti kékeré. Orúkọ kì í kúrò lórí mi. Bí ẹ bá jí mi lójú oorun, mo lè ka orúkọ gbogbo ọmọ tó jókòó pẹ̀lú mi ní kíláàsì kìíní, láti orí Àbẹ̀kẹ́ dé orí Yésúfù. Ojú ni kì í dúró. Ọdún mẹ́tàlélógójì ni mo fi wo Àdùkẹ́ láàárọ̀ lálẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó ti sìmẹ́ǹtì tútù tí mo di ojú mi, ohùn rẹ̀ wá, òórùn ọṣẹ rẹ̀ wá, ojú rẹ̀ kò wá. Fọ́tò kan ṣoṣo tó wà nílé, ti ọjọ́ ìgbéyàwó wa, ikán ti jẹ ẹ́. Láti ọrùn sísàlẹ̀ ni àwa méjèèjì kù.

Délé, àbúrò Àdùkẹ́, tó ń lẹ táyà ní ìkóríta, ló wá gbé ọ̀rọ̀ náà dé ibi tó gbóná. Ó dúró síwájú ère, ó ní, "Bọ̀dá, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n tó bá di ọjọ́ ìrántí ọdún kan, tí ọlọ́pàá yìí bá ṣì wà lórí ẹ̀gbọ́n mi, hámà mi á bá a sọ̀rọ̀." Oṣù mẹ́ta ló kù.

Fúnmi, ọmọ wa obìnrin, ti wà ní Houston ó ti pẹ́, nọ́ọ̀sì ni níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ lọ bá a gbé ọmọ tuntun jó fún oṣù márùn-ún nígbà kan. Ó ní fọ́tò ìyá òun kún páálí bàtà kan. Mo ní kó fi wọ́n ránṣẹ́. Ó ní rárá, kí n fẹsẹ̀ ara mi wá mú wọn, nítorí láti ọjọ́ tí mo ti ṣe ère yẹn ni òun ti ń bẹ̀ mí pé kí n yé dá jókòó tì í. Òun àti Gbóyèga ọkọ rẹ̀ ló san owó bàálù.

Sùlé gba ọgbọ̀n náírà dé Ìkejà. Ọ̀nà dára títí dé Ìbàdàn, lẹ́yìn ibẹ̀ a ń pín in pẹ̀lú ihò. Nínú bàálù, Madam Ìbídùn ará Iléṣà ló jókòó tì mí. Òun ló fi bí wọ́n ṣe ń de bẹ́líìtì hàn mí, òun náà ló sọ fún mi pé kí n yé kí ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ kiri ní gbogbo ìgbà tó bá kọjá, pé iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe.

Ní New York, ọkùnrin kọ́sítọ́ọ̀mù kan tí wọ́n kọ Robert sí láyà tú dòdò mi. Ẹ̀yin tí ẹ mọ dòdò Ìkirè, ẹ mọ̀ pé ó dúdú, ó kún fún epo, ata inú rẹ̀ kì í ṣeré. Mista Robert gbóòórùn rẹ̀, ó ta sẹ́yìn bí ẹni tí agbọ́n ta.

"Ó ní kí ni?" Madam Ìbídùn ń túmọ̀ fún wa.

"Oúnjẹ ni. Ẹ sọ fún un pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni."

"Ó ní kò gbọ́dọ̀ wọlé. Ó ní kó yáa wọ garawa ìdọ̀tí."

"Ṣé ó lè wọlé tó bá wà nínú ikùn mi?"

Ọkùnrin náà ronú díẹ̀. Ó ní ohun tó bá wà nínú ikùn mi kò kan òun. Mo jókòó sórí báàgì mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Nígbà tó di ìkeje, omi ń dà lójú mi. Mista Robert rò pé mo ń sunkún, ó mú bébà ìnujú kan fún mi, ó fọwọ́ kàn mí léjìká. Ata ni. Ṣùgbọ́n n kò lè búra pé ata nìkan ni, nítorí Àdùkẹ́ ló máa ń din dòdò fún mi bí mo bá ń rìnrìn àjò.

Ooru Houston kò jẹ́ tuntun sí mi. Bí ooru Ìkirè lẹ́yìn òjò ni. Inú ilé ni ẹ̀rù ti bà mí. Gbogbo ilé ló ní ẹ̀rọ kan tó ń fẹ́ ọyẹ́ jáde, tó fi jẹ́ pé inú ooru oṣù kẹjọ ni mo ti ń wọ súwẹ́tà. Gbóyèga wá fi tasí tó ń wà gbé mi. A gba ojú ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní freeway, ìyẹn ọ̀nà gbòòrò tí kò sí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lórí rẹ̀, tí kò sí ẹni tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo bi í pé ṣé ogun dé sí ìlú ni, tí kò sí ènìyàn níta. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣìnà. Apartment wọn, ìyẹn ilé tí wọ́n háyà, wà ní àdúgbò Sharpstown, lókè, àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlógún. Ọ̀dùnkún lílọ̀ inú páálí, dọ́là kan ó lé díẹ̀, ni Fúnmi rò fún mi bí iyán. Mo jẹ ẹ́. Mo yìn ín. Irọ́ ni mo pa.

Ní kété tí mo fọwọ́, mo ní, "Gbé páálí yẹn wá."

Fọ́tò mọ́kànlélọ́gọ́ta ló wà níbẹ̀. Kí n tó tẹ̀síwájú, ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé eyín iwájú Àdùkẹ́ kan yọ nígbà tí Fúnmi ṣì ń rákòrò. Láti ìgbà náà, bí ẹ̀rín bá ti ń bọ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ á gòkè lọ bo ẹnu. Mo ti gbàgbé pé gbogbo nǹkan ló máa ń pa á lẹ́rìn-ín.

"Bàámi, ẹ wo eléyìí. Mall la wà níbí, ilé ìtajà ńlá kan."

"Ọwọ́ ni."

"Èyí ńkọ́? Iwájú ṣọ́ọ̀ṣì wa."

"Fúnmi, ọwọ́ ni."

"Níbí wọ́n ti sùn lọ lórí àga. Wọn ò rẹ́rìn-ín rárá."

"Ó fi ọwọ́ bo gbogbo ojú."

A wo mọ́kànlélọ́gọ́ta tán. Mo ti kọjá òkun nítorí ojú kan, ìka márùn-ún ni wọ́n kó fún mi. Mo bínú sí òkú. Mo wọ yàrá lọ, mo sì ṣe bí ọmọdé tí wọ́n gba ẹran lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọjọ́ méjì gbáko.

Gbóyèga ló wá kan ilẹ̀kùn. "Bàbá, mo rí nǹkan kan nínú ìwé ìròyìn. Ọkùnrin kan ń ṣe irú iṣẹ́ yín, ará Faransé. Òkúta mábù ló fi ń gbẹ́ ènìyàn. Wọ́n ti kó iṣẹ́ rẹ̀ wá sí museum nílùú yìí."

"Ṣé ó wà láàyè?"

"Ó ti kú, sà. Ó ti lé ní àádọ́jọ ọdún."

"Kí ni n ó wá bá a sọ?"

"Ẹ ṣáà dìde, Bàbá. Ẹ lọ wẹ̀."

Museum ni ilé tí wọ́n ń kó iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ènìyàn sí kí aráyé máa wá wò ó. Èyí ni mo mọ̀ báyìí. Lọ́jọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé fún mi tó bẹ́ẹ̀, Gbóyèga sì já èmi àti Fúnmi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó lọ síbi iṣẹ́. Mo wọlé, mo rí orí ènìyàn funfun báláú lórí òpó, lọ́tùn-ún lósì, lábẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan orúkọ àti ọdún méjì, ọdún tí wọ́n bí i àti ọdún tó kú. Ní Ìkirè, ibì kan ṣoṣo ni a ti ń kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé inú ilé ni àwa náà ń sin àgbà sí. Mo wá mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé agbo ilé ọ̀gá ará Faransé yìí ni a wà, àwọn bàbá rẹ̀ ló sì dùbúlẹ̀ sábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀. Mo bọ́ fìlà. Mo bọ́ bàtà, mo tò ó sẹ́bàá ògiri. Mo wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún èyí tó dàgbà jù nínú wọn.

"Bàámi! Ẹ dìde! Please, ẹ dìde!"

Ẹ̀ṣọ́ ilé náà, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, tó ń jẹ́ Mista Otis, ti ń sáré bọ̀. Ó rò pé mo ṣubú ni. Obìnrin arúgbó kan tó ń mú àwọn àlejò yíká, Mísíìsì Dorothy, tẹ̀lé e pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Mo dìde, mo tún aṣọ mi ṣe, mo sì kí ìyá náà bó ti yẹ kí a kí ẹni tó ní òkú.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù o, Màmá. Òkú yín mà pọ̀ o. Ọlọ́run á tù yín nínú."

"Bàámi, mi ò lè túmọ̀ ìyẹn."

"Kí ló dé?"

"Kì í ṣe òkú wọn! Museum ni! Ẹnikẹ́ni ò sin ènìyàn síbí!"

Ara mi bù máṣọ. Ṣùgbọ́n mo ti kí i ná, n kò sì lè gba ìkíni padà. Mo ní kó túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Fúnmi túmọ̀ rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Mísíìsì Dorothy kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ nǹkan kan jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Ó ní ọkọ òun, Harold, kú ní oṣù kejì ọdún yìí," ni Fúnmi sọ. "Ó ní láti ìgbà tóun ti padà sẹ́nu iṣẹ́ yìí, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ kí òun."

Fúnmi ń wá bàtà mi kó lè wọ̀ ọ́ fún mi. Mista Otis ní kó fi bàbá sílẹ̀, pé kápẹ́ẹ̀tì náà mọ́, pé ìyá òun náà kì í wọ bàtà dé iwájú àgbà. Báyìí ni mo ṣe fi ẹsẹ̀ lásán rìn nínú museum títí a fi ṣe tán.

Mísíìsì Dorothy fúnra rẹ̀ ló mú wa yíká. Orúkọ ọkùnrin náà, bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, ni Ansẹ́lìmù Morefó. Bàbá rẹ̀ ń kan àga. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tí wọ́n fi í sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó ń gbẹ́ ère fún ṣọ́ọ̀ṣì, ọdún méjì àkọ́kọ́ kò ṣe ju kó pọn omi kó po amọ̀ lọ. Mo ní kí Fúnmi sọ fún un pé ọdún mẹ́ta ni èmi fi pọn omi fún Bàbá Sámúẹ́lì, pé orí Ansẹ́lìmù tètè pé ju tèmi lọ. Ó wá mókè nínú ìdíje kan, ìjọba rán an lọ sí Róòmù ọdún mẹ́rin, kó lọ máa wo ère àwọn ará àtijọ́. Ibẹ̀ ló ti kọ́ bí a ṣe ń wọ aṣọ ayé àtijọ́ fún ènìyàn òde òní: aṣọ kan gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n dà sí èjìká, bíi ti àwọn ìjòyè wa. Àwọn tí kò wọ aṣọ kankan náà wà níbẹ̀. Mo rí ọ̀gágun kan tó di idà mú, tó dé àkẹtẹ̀ irin, tí kò sì sí nǹkan kan láàárín méjèèjì. Mo yí ojú Fúnmi sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ansẹ́lìmù padà sílé láti Róòmù, ó ń gbẹ́ ọba àti àwọn ará ààfin. Àwọn ará ìlú dìde, wọ́n bẹ́ orí ọba, wọ́n ti Ansẹ́lìmù mọ́lé oṣù mẹ́jọ nítorí àwọn orí tó gbẹ́. Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀, ó gbẹ́ orí àwọn tó tì í mọ́lé. Ọ̀gágun kan gbàjọba, ó gbẹ́ ọ̀gágun. Ọ̀gágun ṣubú, ọba dé padà, ó tún gbẹ́ ọba. Mo rẹ́rìn-ín. Èmi náà mọ àmì ẹgbẹ́ òṣèlú sórí ilé Olóyè Fásọlá, sójà gbàjọba, olóyè ní kí n gun àkàbà lọ sọ ọ́ di kìnnìún kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó di ajá.

Nígbà náà ni a dé yàrá ìkẹyìn. Obìnrin kan jókòó níbẹ̀, òkúta mábù, ó fi aṣọ bo orí àti ojú. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló yọ láti di etí aṣọ náà mú.

"Ìyàwó rẹ̀ ni," ni Fúnmi ń túmọ̀. "Ó ṣe é lẹ́yìn tí obìnrin náà kú. Wọ́n ní ojú ẹni ọgọ́rùn-ún ló gbẹ́ láyé rẹ̀, tìyàwó rẹ̀ nìkan ló bò. Àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń bá ara wọn jiyàn lórí ìdí rẹ̀."

Mo yí òkúta náà po lẹ́ẹ̀mejì. "Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀," ni mo wí. "Ojú rẹ̀ kò wá bá a ni."

Nígbà tí Fúnmi túmọ̀ rẹ̀, Mísíìsì Dorothy gbá ọwọ́ mi mú.

"Ẹ bá mi bi í," mo ní, mo ti gbàgbé pé ọmọ mi ni mo ń bá sọ̀rọ̀. "Tí kò bá sí ojú, báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé ìyàwó rẹ̀ ni?"

"Wọ́n ní lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e síta, obìnrin tó ń ta búrẹ́dì fún wọn ládùúgbò kọjá, ó ní, 'Ìyáàfin rèé.' Ẹ wo ìka kékeré yẹn bó ṣe tẹ̀. Bí ìyàwó náà ṣe máa ń di aṣọ mú nìyẹn tí òtútù bá mú un."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mista Otis tún ń sáré bọ̀. Mo juwọ́ sí i pé n kò ṣubú, ẹ̀rín ló ń pa mí. Mọ́kànlélọ́gọ́ta! Fọ́tò mọ́kànlélọ́gọ́ta ni Àdùkẹ́ fi na ọwọ́ sí mi, èmi ń lé e pé kó gbé e kúrò kí n lè rí i.

Lọ́nà ilé, Fúnmi ra irú ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n fi ń di ẹsẹ̀ tó kán, dọ́là mẹ́rin. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló jogún, ìka dé èékánná. Mo po ìyẹ̀fun náà nínú ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀, mo fi gba àwòṣe ọwọ́ òsì rẹ̀, ó gbé e sókè bí ẹni fẹ́ bo ẹnu. Ìyẹ̀fun tó kù ni mo dà sínú ibi tí wọ́n ti ń fọ abọ́. Ó gan níbẹ̀. Gbóyèga fi ọjọ́ Sátidé gbáko tú páìpù, kò sọ nǹkan kan ju "Kò tọ́pẹ́, Bàbá" lọ, ọmọ dáadáa.

Ìkejà ni mo ti padà fojú winá. Ọ̀gbẹ́ni Felix ti kọ́sítọ́ọ̀mù ki ọwọ́ bọ àpò mi, ọwọ́ mìíràn ló bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ níbẹ̀, ó funfun, ó tutù. Ó ké, "Jésù! Bàbá yìí gé ọwọ́ òyìnbó!" Wákàtí méjì ni mo fi ṣàlàyé. Nígbà tó yé e, ó ní kí n má bínú, ìyá òun náà kú lọ́dún tó kọjá, ó sì bi mí iye tí màá gbà láti ṣe tirẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù sí ọjọ́ ìrántí nígbà tí mo délé. Mi ò tíì bọ́ aṣọ ìrìn àjò tí mo fi gba ìkóríta lọ.

"Délé, yá mi ní hámà rẹ."

Ó wò mí lókè nílẹ̀. "Bọ̀dá, ẹ fẹ́ fúnra yín...?"

"Yá mi ní hámà."

Mo gé àgbọ̀n, mo gé imú, mo ṣe ojú rẹ̀ ní dídì bí ojú ẹni tí ẹ̀rín ń pa. Ẹnu ni kò gbà fún mi. Sìmẹ́ǹtì ibẹ̀ ti gan bí irin. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo mọ ọwọ́ lé e. Ẹ má sọ fún Délé, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìka márùn-ún yẹn, Sájẹ́ǹtì Ògúndípẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ tó fún ẹnu pọ̀.

Lọ́jọ́ ìrántí, lẹ́yìn àdúrà, mo fa aṣọ kúrò lórí rẹ̀. Délé sún mọ́ ọn, ó yẹ̀ ẹ́ wò láti ọ̀tún, ó yẹ̀ ẹ́ wò láti òsì. Ó wá gbé ọwọ́ lé ọwọ́ sìmẹ́ǹtì náà, ohùn rẹ̀ sì yí padà.

"Sístà mi," ó ní, "kí ni Bọ̀dá tún ṣe tó ń pa yín lẹ́rìn-ín báyìí?"

Hámà rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Kò tíì béèrè rẹ̀. Ìrìn àjò náà kò sọ mí di ọ̀gá. Kìnnìún mi ṣì ń jọ ajá. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn ìyẹn, mo ń gbá ẹsẹ̀ ibojì, mo ń wo ọwọ́ yẹn, n kò sì ronú nǹkan kan, ojú Àdùkẹ́ wá. Ó wá tán pátá, tòun ti àlàfo eyín. Mo fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, mo jókòó, mo wò ó títí ó fi lọ. N kò sáré lọ po sìmẹ́ǹtì. Mo mọ iṣẹ́ ọwọ́ ara mi.